Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Awọ Ìdí Èékánná Láìgé E

Kútẹ́ẹ̀sì ni gbogbo wa ń pe ọ̀dà tí à ń kùn sí èékánná, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Ara awọ ìdí èékánná gan-an, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cuticle, ni orúkọ yẹn ti wá. Nígbà tí Northam Warren gbé Cutex jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1911, kì í ṣe ọ̀dà rárá. Omi kan ni, tí wọ́n ń fi sí ìdí èékánná kí òkú awọ ibẹ̀ lè rọ̀, kí wọ́n sì lè nù ún kúrò láìfi abẹ tàbí sísọ́ọ̀sì kàn án. Nígbà tó yá ni ọ̀dà gba orúkọ náà, tí iṣẹ́ tí omi yẹn wà fún sì di ìgbàgbé. Ní ọ̀pọ̀ sàlúùnù wa lónìí, gígé ni wọ́n ń gé awọ yìí, àwọn oníbàárà sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Awọ méjì ló wà níbẹ̀

Ẹ na àtàǹpàkò yín sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kí ẹ wò ó dáadáa. Níbi tí ẹran ìka parí sí, tí èékánná ti yọ jáde, ẹ ó rí etí awọ kan tó nípọn díẹ̀, tó tẹ̀ bí ọrun. Ààyè ni ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, bí a bá sì gún un, yóò dùn wá. Lábẹ́ rẹ̀ ni awọ kejì ti ń yọ́ jáde. Èyí fẹ́lẹ́ bí awọ inú àlùbọ́sà, ó lẹ̀ mọ́ ojú èékánná, ó sì ń bá a lọ síwájú bó ṣe ń hù. Òkú awọ ni. Òun nìkan ni a lè yọ nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe dà bíi ti púútì tí kápẹ́ńtà fi ń dí etí gíláàsì fèrèsé. Àlàfo tóóró kan wà láàárín awọ ìka àti èékánná, àwọn ni wọ́n dí i pa. Níwọ̀n ìgbà tí púútì náà bá pé, omi, ọṣẹ, ata àti kòkòrò àrùn kò ráyè wọlé. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, lábẹ́ awọ, ni gbòǹgbò èékánná wà, níbi tí ara ti ń ṣe èékánná. Ojú funfun tó rí bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ìdí àtàǹpàkò ni etí iwájú gbòǹgbò yẹn. Bí ohunkóhun bá tẹ̀ ẹ́ lágbára lónìí, àpá rẹ̀ yóò jáde sójú èékánná ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i.

Nítorí náà, ohun tó bá kúrò láìdùn lẹ́yìn tó ti rọ̀ ni ti yíyọ. Ohun tó bá ń ta yín, ààyè ni. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Abọ́ kékeré kan, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò gbóná ju omi ìwẹ̀ ọmọ lọ, ọṣẹ ìwẹ̀ díẹ̀, aṣọ ìnura kékeré tó mọ́, òwú, àti igi pẹlẹbẹ kan tí ẹ ó fi ti awọ náà sẹ́yìn. Wọ́n ń ta igi yìí ní ìdì ní ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò èékánná. Bí ẹ kò bá rí i, igi ìṣáná tí ẹ ti gé orí rẹ̀ dànù, tí ẹ sì we òwú mọ́ ẹnu rẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. A kì í gba àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn nílé níyànjú pé kí wọ́n lo onírin. Irin kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ ìwọ̀n agbára tó ń lò, kí ẹ sì tó mọ̀, ẹ ti tẹ gbòǹgbò.

Fún òróró, òrí wa tó. Èyí tó tó hóró ẹ̀wà kan ń ká ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bó bá ti dì nítorí ọyẹ́, ẹ fi í sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kí ẹ máa fi wọ́n ra á, ìgbóná ara á yọ́ ọ. Àdí àgbọn náà dára, ẹ̀kán kan fún ìka kan. Fasilíìnì kì í wọnú awọ lọ títí, ṣùgbọ́n ó ń há omi mọ́ awọ ju gbogbo wọn lọ. Ìdí nìyẹn tó fi dára láti fi kún orí òrí lálẹ́.

Ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu mímú tí àwọn olùtọ́jú èékánná ń lò wúlò fún ohun kan ṣoṣo, ìyẹn awọ tó ti ya, tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú. Lẹ́yìn lílò, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sè é nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 20. Igi ní tirẹ̀ kò ṣeé sè mọ́ láti lò fún ẹlòmíràn: igi ẹnì kan, ti ẹni yẹn ni, kí a sì sọ ọ́ nù.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó. Àṣálẹ́ lẹ́yìn ìwẹ̀ ló dára jù, torí pé omi ìwẹ̀ ti bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Bí kútẹ́ẹ̀sì bá wà lọ́wọ́ yín, òun ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ. Ẹ fi omi ìyọ-kútẹ́ẹ̀sì rin òwú, ẹ gbé e lé èékánná fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láìmì í, kí ẹ wá fà á láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. Bí ẹ bá ń fi òwú gbo ó síwá sẹ́yìn, ńṣe ni ẹ̀ ń tan ọ̀dà àti omi náà sínú awọ, omi yẹn sì máa ń gbẹ awọ gan-an. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi, ẹ gé èékánná kí ẹ sì fi fáìlì dán ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣe é lẹ́yìn tí ọwọ́ ti rọ̀. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èékánná tó tutù máa ń tẹ̀, fáìlì á sì fà á ya ní ìpele ìpele. Apá kan ni kí ẹ máa fa fáìlì sí, láti ẹ̀gbẹ́ sí àárín.

Ẹ wá ki ìka bọ omi ọlọ́ṣẹ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èékánná máa ń mu omi, á wú, bó bá gbẹ á súnkì, bí wíwú àti sísúnkì yẹn bá sì pọ̀ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán ni, ẹ fo ìpele yìí.

Ẹ nu ọwọ́ gbẹ díẹ̀, kí ọ̀rìnrìn ṣì kù lára rẹ̀, ẹ fi òrí sí ìdí èékánná kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Àwọn kan ń lo omi tàbí jẹ́ẹ̀lì ìrọ-awọ tí wọ́n ń tà. Ó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, àmọ́ ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Potassium hydroxide tàbí sodium hydroxide ló sábà máa ń jẹ́, ìbátan omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ohun tó ń jẹ òkú awọ lè jẹ ààyè pẹ̀lú bó bá pẹ́ lórí rẹ̀. Iye àkókò tí wọ́n kọ sára ike ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má fi í sí awọ tó bó, ẹ má sì sùn lé e lórí. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá, nítorí pé omi lásán kì í tètè yọ ọ́.

Ìgbà yìí ni igi wọṣẹ́. Ẹ dà á kọ síbẹ̀ bí ẹni di kálámù mú nígbà tó ń kọ̀wé, kó má ṣe dúró ṣánṣán. Láti àárín ìdí èékánná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa yí i kékeré kékeré lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ẹ padà wá sí àárín, kí ẹ sì lọ sí òsì. Ìwọ̀n agbára tí ẹ fi ń nu ojú fóònù yín ti tó. Ẹ ó rí i tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ń ká jọ bí èérí ara. Ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ wé mọ́ ìka nù ún kúrò. Bí díẹ̀ bá kọ̀ tí kò kúrò, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀. Ẹ má fi igi ha á. Ohun tí à ń wá ni kí etí awọ hàn gbangba, kí ó sì ṣì lẹ̀ mọ́ èékánná. Bí ẹ bá rí àlàfo dúdú láàárín awọ àti èékánná, ẹ ti tì í jù.

Ẹ tún fi òrí sí i, kí ẹ fi àtàǹpàkò kejì ra ìdí èékánná kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí ẹ bá fẹ́ kun kútẹ́ẹ̀sì, òwú tó ní sípíríìtì ni ẹ ó fi nu ojú èékánná nìkan, torí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ òróró, yóò bó lọ́jọ́ kejì. Ẹ sì fi àyè tó tó mílímítà kan sílẹ̀ láàárín ọ̀dà àti awọ. Ọ̀dà tó bá gun orí awọ ló máa ń kọ́kọ́ gbéra. Bó bá jẹ́ jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi iná gbẹ ni, ọ̀rọ̀ náà ju ẹwà lọ: jẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbẹ, tó bá ń kan awọ léraléra, lè mú kí ara kọ̀ ọ́. Ìka á máa yún, á máa wú, á máa bó. Bí ara bá ti kọ̀ ọ́ báyìí, kì í gbà á mọ́, ó sì lè kọ irú èròjà kan náà tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò.

Awọ tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná

Èyí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Awọ tín-ín-rín kan á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná, á nà sókè, á máa há mọ́ aṣọ, èèyàn á sì fi eyín fà á. Bí a bá fà á, kì í já níbi tó ti gbẹ. Ìdí rẹ̀ wà nínú ààyè awọ, ibẹ̀ ni yóò ti ya lọ, ẹ̀jẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Kòkòrò tó wà lẹ́nu àti lábẹ́ eyín ti rí ọ̀nà wọlé nìyẹn.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ gbé ẹnu ẹ̀mú tó mọ́ sún mọ́ ìdí rẹ̀, kó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ, kí ẹ gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má gé e kí ẹ sì tún fà á: tí ẹnu ẹ̀mú bá ti kú, kò ní gé, fífà ni yóò máa fà á, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi fasilíìnì sí i. Bí ọwọ́ yín yóò bá wọ omi tàbí ata lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi pílásítà bò ó.

Ẹni tí awọ rẹ̀ ń ya lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbígbẹ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í ṣe àìgé.

Omi, ọṣẹ àti ata

Ata ni àyẹ̀wò tó dára jù tó wà nílé. Bí ẹ bá ń fọ ata tàbí tí ẹ fi ọwọ́ jẹun, tí ìdí èékánná kan sì ń ta yín, púútì ibẹ̀ ti ṣí. Ìka yẹn ni kí ẹ tọ́jú lálẹ́ ọjọ́ náà, kódà bí ojú kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn tí ọwọ́ wọn kì í kúrò nínú omi ló ń jìyà rẹ̀ jù: àwọn alágbàfọ̀, olóúnjẹ, nọ́ọ̀sì, ìyá ọlọ́mọ tuntun. Àwọn onídìrí tún wà nínú ewu méjì, torí pé lẹ́yìn omi, rilásà mìíràn ní sodium hydroxide kan náà tó wà nínú omi ìrọ-awọ. Ọṣẹ ìfọṣọ àti bílíìsì máa ń fọ òróró ara kúrò lára awọ. Awọ á gbẹ, á sán, á sì gbéra kúrò lára èékánná.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ń ràn wá lọ́wọ́, bí a bá mọ̀ ọ́n lò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú fẹ́lẹ́ sínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ lẹ́ẹ̀kan, torí òógùn inú rẹ̀ náà omi ni. Bí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ yí inú rẹ̀ síta kó lè gbẹ. Ìbọ̀wọ́ tó ti lu, tí omi ọlọ́ṣẹ há sínú rẹ̀, burú ju kí èèyàn má wọ ọ̀kankan lọ. Òrí ní tirẹ̀, alaalẹ́ ni, àti lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọ abọ́ tàbí aṣọ. Ẹni tó bá ń ṣe ìyẹn nìkan, tí kò ti awọ sẹ́yìn rí, awọ rẹ̀ yóò dára ju ti ẹni tó ń lọ sí sàlúùnù lóṣooṣù tí kì í fi òróró sí i.

Ní sàlúùnù, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé èékánná kiri

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ìdí rẹ̀, ẹ bá mi tì í sẹ́yìn ni.” Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Ẹ wo ibi tó ti mú irin rẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ pé lára oníbàárà tó kúrò lórí àga ló ti gbé e wá, tó kàn fi aṣọ nù ún, ẹ gbé ti yín jáde láti inú báàgì. Irin tiyín kò wọ́n tó owó ìtọ́jú àìsàn. Bákan náà ni ẹ̀rọ tó ń yí gìrìgìrì tí wọ́n fi ń mú èékánná àlẹ̀mọ́ tẹ́jú: kò gbọdọ̀ kan etí awọ. Bí ìdí èékánná bá gbóná lójijì, ẹ fa ọwọ́ yín padà.

Ọ̀rọ̀ kan náà kan àwọn tó ń gé èékánná kiri àdúgbò, tí à ń gbọ́ ìró sísọ́ọ̀sì wọn bí wọ́n ti ń kọjá. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, ọwọ́ wọn sì yá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé irin kan náà ló ń ti orí ìka dé orí ìka. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè lórí irin fún ọjọ́ méje, ẹ̀jẹ̀ tó sì fi ń ràn lè kéré débi tí ojú kò fi ní rí i. Ẹ fún wọn ní irin tiyín kí wọ́n fi gé e, ẹ ní kí wọ́n gé ṣóńṣó nìkan.

Bí ìka bá wú

Bí ìdí èékánná bá pọ́n, tó gbóná, tó ń sọ kúlúkúlú, wítílò ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá omi tó gbóná níwọ̀n tí ọwọ́ gbà, ẹ po ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife kan, kí ẹ ki ìka bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. Ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń lọ báyìí. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un. Àṣà kíki ìka bọ inú ọsàn wẹ́wẹ́ kò sàn, torí omi ọsàn yẹn, bí oòrùn bá kàn án lára awọ, lè jó o, kó yọ iléròrò, kó sì di àpá dúdú.

Bí ọyún bá ti hàn, bó bá jẹ́ pé ìrora kò jẹ́ kí ẹ sùn, bí ibà bá dé, tàbí tí ọjọ́ méjì bá kọjá láìsí àyípadà, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ iléròrò kéékèèké tó dì jọ, tí omi inú wọn mọ́ gaara, ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní herpes. Kò fẹ́ abẹ rárá, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i.

Oríṣi kejì kì í ké. Ìdí èékánná á wú díẹ̀, awọ tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ èékánná á pòórá, èékánná á máa hù ní págunpàgun, bó bá sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti di ti ọlọ́jọ́ pípẹ́. Omi ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe àìlo oògùn. Àwọn kan á ra kápúsù léraléra ní kẹ́mísítì láìrí ìwòsàn, torí pé ọwọ́ ṣì ń padà sínú omi. Yíyọ ọwọ́ kúrò nínú omi fún oṣù mélòó kan ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú ìpara tí dókítà bá kọ.

Ilà dúdú lójú èékánná

Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ilà dúdú tàbí ti kọfí tó gùn lójú èékánná wọ́pọ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ aláìléwu, pàápàá bó bá wà ní ìka púpọ̀. Èyí tó yẹ kó gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ni ẹyọ ilà kan tó ń fẹ̀ sí i, tàbí èyí tí àwọ̀ dúdú rẹ̀ ti kọjá èékánná bọ́ sí orí awọ ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Irú rẹ̀ ni wọ́n rí lábẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ Bob Marley ní ọdún 1977, òun ló sì pa á ní 1981. Àǹfààní mìíràn tó wà nínú títọ́jú ìdí èékánná nìyí: ẹni tó ń wò ó lọ́sẹ̀ méjì méjì yóò tètè rí i.

Bí ẹ bá ti tẹ gbòǹgbò rí

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìwà kan tí wọn kò kíyè sí: nínú gò-síló tàbí nídìí iṣẹ́, ìka ìfábẹ̀lá á máa ti awọ àtàǹpàkò sẹ́yìn, á máa tì í títí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àárín èékánná àtàǹpàkò á rí págunpàgun bíi páànù òrùlé. Kò sí oògùn tí ẹ lè fi sí ojú èékánná náà tí yóò mú un tẹ́jú. Ẹ lẹ pílásítà mọ́ ìdí àtàǹpàkò lójoojúmọ́ kí ìka kejì má rí nǹkan tì.

Èékánná ọwọ́ ń hù ní nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta lóṣù, nítorí náà ó gba bí oṣù mẹ́fà kí tuntun tó ti ìdí dé ṣóńṣó. Ẹ fi ojú sí ìdí rẹ̀ ní òpin oṣù kejì. Bí mílímítà mẹ́fà àkọ́kọ́ bá tẹ́jú, ẹ fi pílásítà náà síbẹ̀ kí ìyókù lè hù jáde. Bí ilà tuntun bá wà níbẹ̀, ọwọ́ ṣì ń tẹ̀ ẹ́ níbì kan tí ẹ kò mọ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń jókòó tì yín máa bá yín wò ó.